Kámẹ́rà Kékeré, Lẹ́ǹsì Kan: Bí Ẹ Ṣe Lè Máa Ya Fọ́tò Lójoojúmọ́

Ó tó ọdún kan tí kámẹ́rà ńlá mi fi sùn sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kò bàjẹ́ o. Ó wúwo ni. Bí mo bá ti fẹ́ jáde, màá wò ó, màá wo báàgì rẹ̀ tó dà bí ẹrù ẹni tó ń lọ sí Kánò, màá ní ó di ọ̀la. Ọ̀la yẹn ò dé. Gbogbo ohun tó ṣojú mi ní Ìbàdàn lọ́dún náà, fóònù ló yà á. Fóònù náà sì bọ́ sómi lọ́jọ́ kan, ó kó gbogbo fọ́tò lọ.

Láti ìgbà náà, nǹkan méjì ni mò ń lò: kámẹ́rà kékeré kan tó ń wọ àpò ṣòkòtò, àti Canon àtijọ́ kan tí mo fi lẹ́ǹsì pẹlẹbẹ sí lẹ́nu. Lẹ́ǹsì méjèèjì kì í súùmù. Irú rẹ̀ làwọn fọtógíráfà ń pè ní prime: ojú kan ṣoṣo ló ní, bí ẹ bá sì fẹ́ kí nǹkan tóbi, ẹsẹ̀ yín ni ẹ ó fi súùmù. Bí ẹ bá ń ya ìgbéyàwó gba owó, ẹ má tíì ta ẹrù yín, kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó fẹ́ máa ya ọ̀nà ibi iṣẹ́, ọmọ ilé, ọjà àti ojú òjò ni mo kọ èyí fún.

1. Ẹ mọ ojú tí ẹ fi ń wo nǹkan kí ẹ tó náwó

Nọ́ńbà tó wà lára lẹ́ǹsì, bíi 28mm, 35mm, 50mm, ló ń sọ bí ojú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ojú ń fẹ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ dúró síwájú ìsọ̀ aláṣọ kan ní Gbági. 28mm á mú aláṣọ, aṣọ tó tò sẹ́yìn rẹ̀, páànù òkè orí rẹ̀ àti ọmọ tó jókòó sílẹ̀. Ẹ má kúrò níbi tí ẹ dúró sí: 50mm á mú aláṣọ nìkan, ìyókù á bọ́ síta. 35mm àti 40mm wà láàárín. Ní ti fóònù, láàárín 24mm àti 28mm ni kámẹ́rà àkọ́kọ́ lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn wà, nítorí náà ẹni tó ti fi fóònù ya fọ́tò fún ọdún márùn-ún kì í ṣe àlejò sí 28mm.

Ọgbọ́n kan rèé tí kò náni ní kọ́bọ̀. Bí ẹ bá ní lẹ́ǹsì 18-55mm tó máa ń bá kámẹ́rà wá, ẹ yí i sí 24, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù dè é pa síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ gbé e sí 35, kí ẹ tún dè é. Èyí tó ń bí yín nínú jù, ẹ má ra irú rẹ̀. Èmi ti gbà pé 50mm ni mo fẹ́ nítorí gbogbo ayé ló ń yìn ín. Lọ́jọ́ kẹta tí mo de lẹ́ǹsì mi pa sí 35, ẹ̀yìn mi ti kan ògiri pálọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, orí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò sì tíì wọ inú fọ́tò tán.

Ẹ ó béèrè pé ṣebí 35 ni mo sọ, kí ló kan 50? Sẹ́ńsọ̀ ni, ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà. Lórí kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré, èyí tí wọ́n ń pè ní APS-C, ẹ fi 1.5 sọ nọ́ńbà lẹ́ǹsì di púpọ̀ bó bá jẹ́ Nikon, Sony tàbí Fujifilm. Bó bá jẹ́ Canon, 1.6 ni. Ti Micro Four Thirds, ìyẹn Panasonic àti Olympus, ìlọ́po méjì ni. 35mm lórí Nikon kékeré ń ṣe bíi 50mm, 24mm lórí Canon kékeré sì ń ṣe bíi 38mm.

2. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ dákẹ́

Bí ẹ bá ti ní kámẹ́rà tó ń yọ lẹ́ǹsì, lẹ́ǹsì ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kì í ṣe kámẹ́rà tuntun. Fún Canon APS-C, EF-S 24mm f/2.8 STM tó jáde ní 2014 ni mo fara mọ́ jù: gíráàmù 125 péré, kò tó ọsàn kan tó gbó dáadáa. Nọ́ńbà ẹ̀yìn f ló ń sọ bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ṣe tóbi tó: bó bá ṣe kéré tó ni ihò ń fẹ̀ tó. EF 40mm f/2.8 STM ti 2012 jẹ́ gíráàmù 130, ó sì dára fún ẹni tó fẹ́ràn ojú èèyàn. Àwọn oní-Nikon ní 35mm f/1.8G. Òun kì í ṣe pẹlẹbẹ, gíráàmù 200 ni, ṣùgbọ́n ó ń ríran lálẹ́ ju àwọn pẹlẹbẹ lọ. Fujifilm ní XF 27mm f/2.8. Panasonic ní 20mm f/1.7 tí fọ́tò rẹ̀ dùn ún wò, àmọ́ tí fókọ́ọ̀sì rẹ̀ ń fà bí ìgbín.

Ní ti kámẹ́rà kékeré tí lẹ́ǹsì rẹ̀ kì í yọ, Ricoh GR III (2019) ní ojú 28mm, gíráàmù 257 pẹ̀lú bátìrì àti káàdì nínú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, GR IIIx (2021), ní ojú 40mm. Fujifilm X100, tí wọ́n ti ń tà láti 2011, ní ojú 35mm, f/2. Èyí tó jáde ní 2024, X100VI, jẹ́ gíráàmù 521: àpò agbádá lè gbà á, àpò ṣòkòtò kọ́. Owó rẹ̀ náà sì ń já èèyàn láyà.

Èrò kí kámẹ́rà kéré ti pẹ́. Ní Wetzlar, ní Jámánì, Oskar Barnack tó ń ṣiṣẹ́ fún Leitz ṣe kámẹ́rà kékeré tó ń lo fíìmù sinimá. Ìyẹn ni Leica tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1925. Lẹ́ǹsì 50mm kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, kò sì ṣeé yọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ ra lẹ́ǹsì mẹ́ta kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ìyẹn fún un.

3. Bí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀

Ẹ mú káàdì mẹ́mọ́rì tiyín dání, kí fóònù yín sì ní iná tó pọ̀. Ẹ má dá ọjà náà ní alẹ́.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sẹ́yìn lẹ́ǹsì, kí ẹ yọjú wò ó láti iwájú, ní ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Eruku bíi mélòó kan kì í ṣe nǹkan. Ohun tí ẹ ń wá ni ohun funfun tó ta bí òwú aláǹtakùn. Bí ẹ bá rí i, lẹ́ǹsì náà ti bu, bí búrẹ́dì ṣe ń bu. Ẹ dá a padà fún olówó, bó ti wù kí owó rẹ̀ wálẹ̀ tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ihò lẹ́ǹsì sí f/16 kí ẹ ya ògiri funfun tàbí ojú ọ̀run. Bí àmì dúdú róbótó bá ń wà lójú kan náà nínú gbogbo fọ́tò, eruku ti wà lórí sẹ́ńsọ̀. Lórí kámẹ́rà tó ń yọ lẹ́ǹsì, wọ́n lè nù ún. Lórí èyí tí kì í yọ, àfi kí wọ́n tú u palẹ̀. Ẹ tún ya ojú ìwé ìròyìn tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri, ní f/2.8: bí igun mẹ́ta bá mọ́ tí ìkẹrin ṣú, ó ti já bọ́ rí. Kí ẹ sì tan án, kí ẹ pa á, ní ìgbà mẹ́wàá. Lẹ́ǹsì tó ń jáde tó ń wọlé kò gbọdọ̀ dún bí ẹni tó ń jẹ gúgúrú.

Ẹ wò ó bóyá ó ń gba iná láti ara pawa-báǹkì. GR III àti X100VI ń gba USB-C, kò sì sí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ ní ìlú tí NẸ́PÀ ti ń ṣe bó ti wù ú. Bátìrì GR III kì í ju nǹkan bíi 200 fọ́tò lọ, nítorí náà méjì ni kí ẹ ní.

4. Ẹ ṣètò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan

Ẹ gbé e sí A, tàbí Av lórí Canon àti Ricoh: ẹ̀yin lẹ ó máa yan ihò, kámẹ́rà á yan ìyókù. ISO, ìyẹn bí sẹ́ńsọ̀ ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, ẹ fi sí Auto, kó má kọjá 6400. Ṣọ́tà, ìyẹn àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi ń wọlé, kó má lọ́ra ju 1/250 ìṣẹ́jú-àáyá lọ, nítorí èèyàn wa kì í dúró jẹ́ẹ́. f/8 níta lọ́sàn-án, f/2.8 nínú ilé. Ẹ pa ariwo tó ń ké pípì, kí ẹ pa iná kékeré tó ń tàn síni lójú bí kámẹ́rà bá ń wá fókọ́ọ̀sì. Ẹ tan ojú gíláàsì rẹ̀ sókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ò ní rí nǹkan kan nínú oòrùn. Ó parí. Ẹni tó bá ń tú mẹ́nù lójú títì, nǹkan tó fẹ́ yà á ti lọ.

5. Ẹ kọ́ mítà méjì

Ibi tí kámẹ́rà kékeré ti ju fóònù lọ rèé, ọ̀pọ̀ ò sì kọ́ ọ. Kámẹ́rà tó ń wá fókọ́ọ̀sì ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ sọ ibi tó máa wò fún un tẹ́lẹ̀.

Lẹ́ǹsì tí ojú rẹ̀ fẹ̀ kì í ṣe ojú kan ló ń rí kedere, bí ihò rẹ̀ bá ti kéré. Lórí GR III, bí ẹ bá gbé Snap, ìyẹn fókọ́ọ̀sì tí ẹ ti yàn tẹ́lẹ̀, sí mítà 2, ní f/8, ohun tó wà láti nǹkan bíi mítà kan lọ títí dé òpin àdúgbò á mọ́ kedere. Ẹ tẹ bọ́tìnì dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má dúró lágbedeméjì: kò ní wá nǹkan kan, á kàn yà á ni. Lórí Canon pẹlú 24mm, àyè náà kéré sí i, láti nǹkan bíi mítà 1.3 dé mítà 4, ó sì tó fún ọ̀nà ọjà. Lẹ́ǹsì pẹlẹbẹ wọ̀nyí ò ní nọ́ńbà mítà lára, nítorí náà ẹ fi AF, ìyẹn fókọ́ọ̀sì tí kámẹ́rà ń wá fúnra rẹ̀, wo nǹkan tó jìnnà tó mítà 2, kí ẹ wá ti bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ lẹ́ǹsì sí MF, fókọ́ọ̀sì afọwọ́ṣe. Á dúró síbẹ̀. Bí ẹ bá pa kámẹ́rà, ẹ tún un ṣe, torí iná ló ń yí lẹ́ǹsì STM, kì í ṣe ọwọ́ yín.

Báwo lẹ ṣe máa mọ mítà 2? Táìsì ilẹ̀. Èyí tó wà ní pálọ̀ wa jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, nítorí náà táìsì mẹ́ta àti díẹ̀. Mo fi bàtà kan sílẹ̀ fún àmì, mò ń jìnnà sí i, mò ń sún mọ́ ọn, títí ẹsẹ̀ mi fi mọ̀ ọ́n. Ìyàwó mi ní ṣé mo ti ń ya bàtà báyìí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mi ò nílò bàtà mọ́. Bí èèyàn bá ń bọ̀ lọ́nà, ara mi á ti sọ fún mi pé ó ku ìgbésẹ̀ kan.

6. Ìmọ́lẹ̀ àti awọ dúdú

Kámẹ́rà ò mọ ohun tó ń wò. Gbogbo nǹkan ló fẹ́ sọ di àwọ̀ eérú. Bí ẹni dúdú bá dúró tí ojú ọ̀run funfun wà lẹ́yìn rẹ̀, kámẹ́rà á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á gé e kù, ojú onítọ̀hún á di òjìji. Ẹ yí bọ́tìnì +/- sí +1. Bí oòrùn bá mú gan-an, +1.7. Ojú ọ̀run á fọ́ di funfun báláú, ẹ jẹ́ kó fọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sún mọ́ ọn débi pé ojú rẹ̀ ló kún fọ́tò, òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀: kámẹ́rà á ní ibí ṣókùnkùn, á da ìmọ́lẹ̀ sí i, awọ tó ń dán bí idẹ á wá rí bí ẹni tó fi lẹ́búlẹ́bú para. -0.7 ló ń tún ìyẹn ṣe.

Lọ́sàn-án gangan, ẹ kúrò nínú oòrùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé, ẹnu ọ̀nà ìsọ̀, abẹ́ agbòòrùn onísọ̀: ìmọ́lẹ̀ tó ta láti ilẹ̀ ló ń kan ojú èèyàn níbẹ̀, ó sì rọ̀. Fláàṣì ò pọn dandan. J. D. 'Okhai Ojeikere, tí fọ́tò irun dídì rẹ̀ kárí ayé, Brownie D tí kò ní fláàṣì ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950, kó tó di pé ó wọṣẹ́ ní yàrá òkùnkùn, ibi tí wọ́n ti ń fọ fíìmù, ní Mínísírì Ìròyìn níbí ní Ìbàdàn ní 1954.

Lálẹ́, ẹ ṣọ́ra fún gílóòbù LED. Iná wa jẹ́ 50Hz, gílóòbù mìíràn sì ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ojú ò rí i, kámẹ́rà ń rí i, á sì fa ìlà dúdú gba inú fọ́tò. Ẹ gbé ṣọ́tà sí 1/100 tàbí 1/50, kí ẹ pa electronic shutter, ìyẹn ṣọ́tà tí kì í dún. Ní ilé tí jẹnẹrétọ̀ kékeré ń tan iná, ẹ kàn yà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ mú èyí tó dára, torí jẹnẹrétọ̀ ò níṣirò.

7. Ẹ kí èèyàn kí ẹ tó yà wọ́n

Kámẹ́rà kékeré kì í dẹ́rù bani, ìyẹn ò sì sọ pé kí ẹ máa jí èèyàn yà. Ìyá kan ń dín àkàrà ní Mọ́kọ́lá ní òwúrọ̀. Mo ti ń rà lọ́wọ́ wọn tipẹ́. Lọ́jọ́ kan, èéfín epo dìde, oòrùn àárọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, mo ní:

"Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè ya yín níbi tí ẹ ti ń dín in?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé o ò ní lọ gbé mi sórí Facebook?"

"Rárá mà. Màá tẹ̀ ẹ́ wá fún yín ni."

"Ó dáa, tètè yà á, epo mi ti gbóná."

Wọ́n tún gèlè wé. Wọ́n na ọrùn. Ẹ̀rín tó wà lójú wọn tẹ́lẹ̀ pòórá, wọ́n wò mí bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. Ẹ má bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí àwọn àgbà wa ṣe ń jókòó fún fọ́tò nìyẹn, ẹ̀tọ́ wọn ni, ẹ yà á bẹ́ẹ̀. Mo yà á, mo sọ kámẹ́rà kalẹ̀ sí àyà, mi ò pa á. Ọmọbìnrin wọn ní, "Màámi, wọ́n ò mú yín o!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ṣíbí àkàrà ṣì wà lókè, epo ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀. Mo wà ní mítà méjì. Mo tẹ̀ ẹ́ láìgbé kámẹ́rà sójú, mo sì fi han wọ́n lójú ẹsẹ̀. Wọ́n mi orí, wọ́n ní kò burú.

Ọlọ́pàá, sójà, bárékè, ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró, pápákọ̀ òfurufú: ẹ fi kámẹ́rà sápò. Bí wọ́n bá sì pè yín, ẹ kí wọn kí ẹ tó ṣàlàyé.

8. Ọyẹ́, òjò àti ooru

Kámẹ́rà kékeré tí mo kọ́kọ́ rà kú ní oṣù January. Mo fi í sí àpò ṣòkòtò kan tí mo ti kó ẹ̀pà sí lánàá rẹ̀, mo sì gba gáréèjì Ọ̀jọ́ọ̀ kọjá nínú eruku ọyẹ́. Lẹ́ǹsì jáde dé ìdajì, ó dún kẹrẹ-kẹrẹ, ó dúró. Ẹni tí mo gbé e fún kó tún un ṣe lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó dá a padà pẹ̀lú nọ́ọ̀tì kékeré méjì nínú ọ̀rá, ó ní àwọn yẹn ò pọn dandan. Láti ọjọ́ náà, àpò kámẹ́rà mi, kámẹ́rà nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Mo máa ń yí i síta, mo sì ń gbọ̀n ọ́n kí n tó fi í sí i. GR III náà kò ní ohun tó ń dí eruku àti omi mọ́ta, nítorí náà ọ̀rá oníṣíìpù ló ń wọ̀ nígbà ọyẹ́. Ẹ má yọ lẹ́ǹsì níta nínú oṣù December àti January. Bí eruku bá bà lé e, ẹ fi rọ́bà afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, kì í ṣe ẹnu: itọ́ burú ju eruku lọ.

Nígbà òjò, ìbu ló kù. Ibi tó ṣókùnkùn tó sì tutù ló fẹ́ràn, àpò aláwọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni ààfin rẹ̀. Ẹ wá ike oúnjẹ tí ìdérí rẹ̀ dé pa, kí ẹ kó àwọn ọ̀rá kékeré silica gel tó ń wà nínú páálí bàtà sí i, kí kámẹ́rà máa sùn níbẹ̀. Lóṣooṣù, ẹ sá ọ̀rá náà sóòrùn tó mú, tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tó tún dára ju ìyẹn lọ ni pé kí ẹ máa lò ó.

Ohun kẹta, ẹ̀rọ amúlétutù. Bí ẹ bá jáde láti ọ́fíìsì tó tutù sí ìta tó gbóná, lẹ́ǹsì á làágùn bí ìgò omi yìnyín. Ẹ má nù ún, ẹ má sì yọ lẹ́ǹsì. Ẹ jẹ́ kó wà nínú àpò fún bí ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó mú un jáde. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn.

9. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde

Ní alẹ́ ọjọ́ Sunday, mo máa ń kó fọ́tò ọ̀sẹ̀ náà sórí kọ̀ǹpútà àti sórí ohun mìíràn kan lọ́tọ̀ kí n tó pa ohunkóhun rẹ́ lórí káàdì. Nínú 150, mo lè mú mẹ́fà. Mo máa ń tẹ méjì nínú wọn, ìwọ̀n 4x6, ti ẹni tí mo ṣèlérí fún ló sì ń ṣáájú.

Èyí tí ìyá alákàrà na ọrùn, tí wọ́n wé gèlè dáadáa, ni mo tẹ̀ lọ fún wọn. Èmi rò pé òun ni wọ́n gbà kí n yà. Wọ́n nu ọwọ́ sára ìró, wọ́n gbà á, wọ́n wò ó títí, wọ́n fi han ẹni tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n wò mí.

"Èyí tí mo ti ń rẹ́rìn-ín ńkọ́?"

Ẹ máa tẹ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.